Nígbà Tí Mo Ka Bàbá Fásùyì Mọ́ Àwọn Òkú

Bàámi, Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìsinmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àfaradà ìgbà. Èmi Bùnmi ọmọ yín kúnlẹ̀ kí yín láti Àkúrẹ́ níbí, orúnkún mi méjèèjì ló sì kanlẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ẹnu lásán ni. Mo kí Bọ̀dá Táyọ̀ àti ìyàwó wọn. Mo kí Àǹtí Yẹ́misí nílé ọkọ wọn, kí wọ́n sì bá mi sọ fún àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n yéé ga, mi ò ní dá wọn mọ̀ mọ́ tí mo bá dé. Ara mi le. Òjò ti dá, ọyẹ́ ti ń yọjú láàárọ̀, ètè mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ṣùgbọ́n inú mi dùn gan-an, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí tán.

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí lẹ́tà yìí fi wà nínú ìwé ìròyìn ìjọ, tí gbogbo ayé ń kà á, dípò kó wà nínú àpòòwé. Àlùfáà wa ló ní kí n kọ ọ́ síta. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, àwọn ìjọ mìíràn ń bi wá pé báwo la ṣe mọ̀ pé àsìkò ti tó láti gba òṣìṣẹ́ tuntun, ní irú ọdún tí nǹkan le yìí. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìmọ̀ràn fún ìjọ. Lẹ́tà sí Bàámi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ọ, kí wọ́n jókòó ti Bàámi, kí wọ́n jọ kà á. Àti pé, Bàámi, ẹ má bínú, lórí fóònù ẹ kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀.

Ọdún keje rèé tí mo ti gbé báàgì mi kúrò ní Oǹdó wá ṣe akọ̀wé ìjọ ní Àkúrẹ́. Nígbà náà, mò ń wálé lóṣooṣù. Kí ni Àkúrẹ́ sí Oǹdó? Kí èèyàn tó tòògbé dáadáa nínú mọ́tò, ó ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí owó epo ti ń fò sókè, tí owó ọkọ̀ náà sì ń sá tẹ̀lé e, ọ̀nà yẹn ti gùn bí ẹni pé wọ́n gbé Oǹdó sún sẹ́yìn. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fojú kàn yín. Àárò ilé máa ń sọ mí débi pé tí mo bá gbọ́ ẹni tó ń sọ èdè wa nínú ọjà, mo máa ń dúró ra ohun tí mi ò fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ò sì mọ bí ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ṣe máa ń rí fún akọ̀wé ìjọ tí kò ní ẹbí nílùú. Gbogbo èèyàn á ti lọ jẹ ìrẹsì nílé wọn, èmi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ti fèrèsé. Ọjọ́ Ìsinmi kejì tí mo dé, bàbá kan jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró. Mo rò pé ó gbàgbé nǹkan sílé ìsìn ni. Ó ní rárá, òun kàn fẹ́ bi mí bóyá mo ti jẹun. Bàbá Fásùyì nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, ó máa ń se iṣu fún ara rẹ̀, ó sì máa ń se é pọ̀ jù. Ó ní kí n wá bá òun dín in kù. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni mo fi bá a dín iṣu náà kù. Á fi èdè Àkúrẹ́ bi mí pé báwo ni uṣẹ́, báwo ni ulé, èmi náà á fi èdè Oǹdó dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ èdè ẹnì kejì tán nínú àwa méjèèjì, a ṣáà ń rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ mi nígbà náà, iṣẹ́ ìwé ni. Mò ń tẹ ètò ìsìn, mò ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, mò ń tọ́jú ìwé ìrìbọmi. Àwọn nǹkan yòókù ní àwọn ọmọ ìjọ tó ń ṣe wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tí nǹkan wá le, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa lọ sí Kánádà. Ìyá tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Ìsinmi bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà kiri títí dé Ìjàrè. Àwọn bàbá tó máa ń bẹ aláìsàn wò padà sóko ní Ìlú-Àbọ̀, nítorí owó ìfẹ̀yìntì kò tó wọn jẹun mọ́. Kò sí ẹni tó fi ìbínú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ Olúwa. Bí wọ́n ṣe máa jẹun ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ kò bá wọn lọ. Ó dúró díẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì wá jókòó sí ọ́fíìsì mi.

Ìgbìmọ̀ ìjọ rí i pé nǹkan ń já bọ́, àwọn èèyàn sì ń dín kù nínú ìsìn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ní ẹ̀mí kan ló ń bá wa jà. A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo tẹ ìwé àdúrà rẹ̀, èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn, èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi ṣínu. Lẹ́yìn ààwẹ̀, wọ́n ní kí á dá ìgbìmọ̀ kékeré kan sílẹ̀ tí yóò máa rí sí ìbẹ̀wò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò ṣe akọ̀wé rẹ̀? Gbogbo wọn kọjú sí mi. Wọ́n dá òmíràn sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, òmíràn fún ìmọ́tótó, òmíràn fún ẹ̀rọ, èmi ni akọ̀wé gbogbo wọn. Nígbà tó yá, àánú mi wá ṣe wọ́n, wọ́n ní iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn jù, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò wá bí a ṣe máa dín iṣẹ́ akọ̀wé kù. Bàámi, èmi náà ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ yẹn.

Mo gba gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé owó tí ìjọ ní kò ju ti òṣìṣẹ́ kan lọ, tí mo bá ní iṣẹ́ pọ̀ jù fún mi, wọ́n á wá ọmọ kékeré kan tó mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ, wọ́n á sì ní kí n máa lọ sílé. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń san owó yàrá, òun náà ni mo fi ń ra oògùn tí mò ń fi rán awakọ̀ sí Màámi. Ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀, Bàámi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè yín pé ó ti rẹ̀ mí, ẹ ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe olùtọ́jú ilé ìsìn ní Oǹdó fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láìní igbákejì, agogo ìjọ kò sì pẹ́ dún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fi gba iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ tí wọ́n ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà mí, mo sọ fún wọn pé ọmọ ẹni tó dá iṣẹ́ ìjọ ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, a ṣe ìsìn ìrántí àwọn tó ti sùn nínú Olúwa. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àlùfáà á ka orúkọ àwọn ọmọ ìjọ tó kú láàárín ọdún, wọ́n á lu agogo lẹ́ẹ̀kan fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹbí olóògbé á sì jáde wá tan àbẹ́là. Mo ní bébà kan tí mo máa ń fi sínú Bíbélì mi, orí rẹ̀ ni mo ti ń kọ orúkọ àwọn olóògbé sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ní oṣù keje, ẹnì kan dá mi dúró lọ́nà, ó ní ẹsẹ̀ ń dun Bàbá Fásùyì, kò lè rìn mọ́. Mi ò ní ìwé mìíràn lọ́wọ́. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà yẹn kan náà, kí n má baà gbàgbé láti lọ wò ó.

Mo gbàgbé. Bàbá tó ń bọ́ mi lọ́jọ́ Ìsinmi, oṣù mẹ́rin ni mi ò fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kú lẹ́yìn náà, mo kọ orúkọ wọn sábẹ́ tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìn náà, láàárín ìgbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn àti ìgbà tí mo to nọ́ńbà orin sára pátákó, mo tẹ gbogbo orúkọ tó wà lórí bébà bí mo ṣe rí i, mo sì gbé e fún àlùfáà.

Àlùfáà ka orúkọ kẹta, agogo dún, ẹbí jáde. Ó ka orúkọ kẹrin, ó ní Bàbá Samuel Fásùyì. Agogo dún. Kò sí ẹni tó jáde. Àlùfáà gbójú sókè, ó tún un kà. Agogo tún dún. Ìgbà náà la gbọ́ tí ọ̀pá ń kan símẹ́ńtì lẹ́yìn pátápátá. Bàbá Fásùyì ni o! Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ gbà á láyè láti jáde. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó pẹ́ dé, ó sì ti rọra jókòó sẹ́yìn láìsí ẹni tó rí i. Ìyá kan pariwo Jésù, ó fo bẹ́ǹṣì tó wà níwájú rẹ̀, ìyá tó ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ yìí pé orúnkún òun ò ṣe é tẹ̀.

Bàbá kò bínú. Ó fi ara ti ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ, òun kò tíì kú, ẹsẹ̀ lásán ni, àmọ́ tí òun bá ti mọ̀ pé èèyàn ní láti kú kí ìjọ tó dárúkọ rẹ̀, òun ì bá ti tètè gbìyànjú. Gbogbo ilé ìsìn bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà gan-an fi ìwé bojú. Bàbá rọra rìn dé iwájú, ó béèrè pé àbẹ́là tòun dà. Wọ́n mú un fún un. Kò tàn án. Ó fi í sápò, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí wọn ò tíì mú iná wá ládùúgbò òun, òun á lò ó nílé.

Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọ aṣọ, mò ń sunkún. Ojú ń tì mí. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe pé mo ṣe àṣìṣe níwájú ìjọ, bí kò ṣe pé Bàbá Fásùyì ti ń jẹ iṣu rẹ̀ nìkan láti oṣù keje. Ibẹ̀ ni Bàbá Wọ́dìn bá mi, ìyẹn olórí ìgbìmọ̀ ìjọ wa, tó ti ṣe ọ̀gá ní bánkì rí. Ó ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, kí n sì múra sílẹ̀, nítorí òun kò mọ bánkì tó lè kọ orúkọ alààyè mọ́ ti òkú tí àwọn oníbàárà rẹ̀ á sì padà wá.

Mo pè yín lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ sọ? Ẹ ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ fi ṣe tiyín, ẹ ò sì pa alààyè kankan. Ẹ ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, kí n ṣèlérí pé mi ò ní ṣọ̀lẹ mọ́. Ó dùn mí, Bàámi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ra búrẹ́dì, mo lọ sílé Bàbá Fásùyì. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n wá gé búrẹ́dì, kí òkú òun máa jẹ ẹ́ lọ. Nígbà tí a jẹun tán ló wá bi mí ní gbogbo ohun tí mo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo kà á títí tí tíì fi tutù. Bàbá yìí, fọ́ọ̀mánù ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀nà ni wọ́n ń la. Ó ní lójú iṣẹ́ ọ̀nà, tí nǹkan kan bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, òun á bá ẹni tó ṣe é wí. Tó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kejì, òun á tún bá a wí. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, òun kì í bá ẹnikẹ́ni wí mọ́, iye èèyàn tó wà nídìí iṣẹ́ náà lòun máa ń kà. Ó ní kí n lọ kọ gbogbo iṣẹ́ mi sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ìsinmi, kí n má fojú kéré ọ̀kankan, títí kan omi pípọn.

Bébà mẹ́rin ni mo gbé lọ sí ìpàdé lỌ́jọ́bọ̀. Màmá Ọlátúnjí, tó ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí, ló gbà á, ló sì kà á sókè pẹ̀lú ohùn tó fi ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wí. Nígbà tó fi máa ka bébà kẹta, ó ti ń mu omi. Bàbá Wọ́dìn kò kọ̀ pé iṣẹ́ náà pọ̀. Ó ní àmọ́ ta ló ń gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́ nírú àsìkò báyìí? Ọrẹ ń dín kù, àwọn ọmọ ìjọ kò rí owó oṣù gbà déédéé, ilé iṣẹ́ gan-an ń lé èèyàn. Ó ní tí ọwọ́ mi kò bá ká a, ẹlòmíràn á wá tí ọwọ́ rẹ̀ á ká a, nítorí èmi fúnra mi ló sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí pé bàbá mi dá a ṣe ní Oǹdó fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Bó ṣe dárúkọ yín, mo la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Màámi ni mo rí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, Màámi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ilẹ̀. Ẹ̀yin wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àlùfáà, ẹ jọ ń sọ̀rọ̀. Mo rí aṣọ funfun pẹpẹ lórí okùn lẹ́yìnkùlé wa. Màámi ló fọ̀ ọ́, Màámi ló fi búlúù sí i, Màámi ló lọ̀ ọ́. Mo rí Bọ̀dá Táyọ̀ tó ń pọn omi, Àǹtí Yẹ́misí tó ń to nọ́ńbà orin, èmi tí mò ń nu bẹ́ǹṣì. Mo sì rí ọdún tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàámi. Agogo kò pẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lóòótọ́. Ta ló ń lù ú?

Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti fẹ́ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n rò pé orí mi ti yí. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo parọ́ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ nígbà náà pé irọ́ ni. Mo ní ìjọ wa ní Oǹdó kò ní òṣìṣẹ́ kan. Márùn-ún ni wọ́n ní, ẹnì kan ni wọ́n ń sanwó fún. Mo wá ní èmi kò ní ìyàwó ní Àkúrẹ́, mi ò sì ní ọmọ, ìyẹn ni bébà náà fi di mẹ́rin.

Màmá Ọlátúnjí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rọra bi Bàbá Wọ́dìn pé láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ta ló ń bá a kọ ìwé ìròyìn ìgbìmọ̀ tó máa ń mú wá ní mímọ́ tónítóní báyìí. Bàbá Wọ́dìn bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ní ìyàwó òun ni. Àlùfáà ní ìyàwó òun náà ló ń se oúnjẹ gbogbo àlejò ìjọ. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ń jẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, títí tí ìpàdé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìsìn ẹ̀rí.

Bàbá Wọ́dìn fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá pé kí á gba ẹnì kan kún mi. Owó rẹ̀ ńkọ́? Ìjọ wa máa ń tẹ kàlẹ́ńdà lọ́dọọdún, àwòrán gbogbo ìgbìmọ̀ á wà lórí rẹ̀, ti Bàbá Wọ́dìn a sì máa tóbi díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ó ní kí á má tẹ̀ ẹ́ mọ́, kí owó rẹ̀ lọ sórí owó oṣù. Ẹ ò lè mọ ohun tó ná an láti sọ bẹ́ẹ̀, àfi tí ẹ bá ti rí àwòrán náà. Àwọn tó ń dáko ní Ìlú-Àbọ̀ náà ní àwọn á máa mú iṣu àti ẹ̀gẹ́ wá fún òṣìṣẹ́ tuntun ní ìgbà ìkórè.

Ìyáàfin Tọ́pẹ́ la gbà, olùkọ́ ni, ọjọ́ mẹ́ta ló ń wá lọ́sẹ̀. Ìbẹ̀wò àti àwọn ọmọdé nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde, ó padà wá sọ fún wa pé kò sí ẹ̀mí kankan tó ń bá ìjọ jà. Àwọn tí a gbààwẹ̀ lé lórí wà nílé. Ẹnì kan bímọ, a ò mọ̀. Ẹnì kan ń tọ́jú ọkọ tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Àwọn méjì ti bá ara wọn jà lórí ìjókòó láti ọdún tó ṣáájú, olúkúlùkù sì ń dúró kí àlùfáà wá bẹ òun. Ọ̀pọ̀ wọn ti padà. Ariwo àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Ìsinmi ti pọ̀ débi pé àwọn àgbà ti ń ráhùn, ìráhùn yẹn sì ń dùn mọ́ mi nínú. Lóṣù tó kọjá la tún ṣe ìsìn ìrántí. Èmi àti Tọ́pẹ́ jọ ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹni tó dìde lẹ́yìn. Bàbá Fásùyì wà níwájú, ó ń gbọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìfura.

Ẹ̀yin ìjọ tí ẹ ń bi wá léèrè, ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Ẹ má dúró di ìgbà tí owó bá pọ̀, kò ní í pọ̀. Ẹ bi ara yín pé ta ni kò wá sí ìsìn lóṣù yìí, kí ni ó sì ṣe é. Tí kò bá sí ẹnì kan láàárín yín tó lè dáhùn, ẹ gba èèyàn. Tí ẹ bá sì ní òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe gbogbo nǹkan láìráhùn, ẹ má tíì máa yìn ín. Ẹ lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ wo ẹni tó ń bá a ṣe é.

Bàámi, ó ku ọ̀rọ̀ tèmi àti tiyín. Mi ò kọ èyí láti dójú tì yín níwájú ayé. Ẹ ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ṣiṣẹ́, ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìwé ìyìn tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ fẹ̀yìn tì, èyí tó wà lára ògiri pálọ̀, orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Mo ti wo ìwé yẹn láìmọye ìgbà, mi ò rí i pé orúkọ mìíràn yẹ kó wà níbẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ojú Màámi kò lè ka ìwé wẹ́wẹ́ mọ́, ẹ̀yin lẹ máa kà á sí wọn létí. Tí ẹ bá ti kà á dé ibí yìí, Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ kọjú sí wọn, kí ẹ kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn, kò tíì sí ẹni tó kí wọn.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ìgbà á sì tún dẹ̀ kí n lè máa wálé bí mo ṣe fẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn akọrin àti àwọn ìyá ìjọ ní Oǹdó, Bàbá Fásùyì náà ní kí n kí yín.

Èmi ni, ọmọ yín, ọmọ ẹ̀yin méjèèjì,
Bùnmi